Èèkàn Kẹwàá

Bí ẹ bá ti gba ọ̀nà tó lọ láti Igbó-Ọrà sí Tápà kọjá rí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti ra ọsàn lọ́wọ́ bàbá mi àgbà láìfojú kàn án. Níbi tí ọ̀nà abà wa ti yà kúrò lára títì, òkúta pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ igi. Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, Bàbá á to ọsàn sórí rẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, á to òkúta wẹẹrẹ mẹ́ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtò kọ̀ọ̀kan, á gbé igbá kan tì í, á sì bá tirẹ̀ lọ sínú oko. Òkúta kan, kọ́bọ̀ kan. Ẹni tó bá fẹ́ á mú márùn-ún, á ju kọ́bọ̀ mẹ́ta sínú igbá. Ẹni tó bá rí i pé ó ti wọ́n jù á kọjá lọ. Nírọ̀lẹ́, Bàbá á wá gbé igbá rẹ̀. Bí gbogbo ọsàn náà bá ti tán kí oòrùn tó mú, lọ́jọ́ ọjà tó ń bọ̀ á fi òkúta kan kún un. Bí wọ́n bá kù sílẹ̀, á yọ òkúta kan kúrò.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi í pé kí ló dé tí kì í fi ẹnì kankan ṣọ́ ọ, ṣé kò bẹ̀rù olè ni. Ó ń gé èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

“Ẹni tó bá jí i mọ̀ pé tèmi ni,” ó ní. “Èyí tí mo ń bẹ̀rù ni ẹni tó máa kó o, tí á sì rò pé tòun ni.”

Ogójì ọjọ́ rèé lónìí tí a ti sin ín. Níbi àdúà fìdáù, wọ́n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa: ọdún tó kọ́lé páànù, bó ṣe ń tètè dé mọ́ṣáláṣí, bó ṣe mọ iṣẹ́ oko tó. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe jókòó sáàárín àwọn obìnrin, tí mo gbé Mọ́ríyámọ̀ ọmọ mi sórí ẹsẹ̀, mo ń retí kí ẹnì kan mẹ́nu ba òkúta wẹẹrẹ yẹn, tàbí ọ̀rọ̀ èèkàn. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Mọ́ríyámọ̀ ò tí ì pé ọdún mẹ́ta. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé Bàbá dà. Ní báyìí, ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí kò bi mí mọ́. Ìdí tí mo fi mú bírò nìyẹn.

Ènìyàn kúkúrú ni Bàbá, ó gbẹ, ohùn rẹ̀ sì tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Bó bá ti oko dé, tó wẹ̀, tó kírun, á fa àpótí sábẹ́ igi odán iwájú ilé, á máa bá àwọn obìnrin bó ẹ̀gúsí. Iṣẹ́ obìnrin ni níbi tiwa, àwọn ọkùnrin tó ń kọjá á sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Á ní ẹ̀gúsí ò tí ì bi òun rí bóyá ọkùnrin lòun.

Ohun tó mú un yàtọ̀ ni bíbèèrè. Kì í fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ láìbéèrè, ì báà jẹ́ omi inú àmù ìyàwó rẹ̀. Mo lè tó ọmọ ọdún márùn-ún lọ́jọ́ kan tí mo jókòó ti ẹ̀pà sísè. Ó dúró lórí mi, ó ní ṣé òun lè jẹ níbẹ̀. Mo ní rárá. Àgbà mìíràn á gbá mi létí, tàbí kó kàn bu ẹ̀pà kó sì máa rẹ́rìn-ín. Bàbá yí padà, ó lọ. Ó lọ lóòótọ́. Ìgbà tí mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ ni ọkàn mi bàjẹ́, mo gbé abọ́ tẹ̀ lé e, mo ń sunkún pé kó wá jẹ. Ẹyọ méjì péré ló mú.

“Tìrẹ ni, o sì ní rárá,” ó ní. “Ká ní mo jẹ ẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, kí lo fẹ́ máa pè mí?”

Kí n má purọ́, ìwà yìí ní ibi tó ti ń dunni. Pèrègún ni a fi ń pààlà ilẹ̀ níbi tiwa. Ẹ ó gbìn ín sí igun oko, kì í kú bọ̀rọ̀, bí wọ́n bá gé e, á tún rú. Àwọn pèrègún Bàbá, bàbá rẹ̀ ló gbìn wọ́n, ó sì mọ̀ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bí ẹni mọ ọmọ. Ó máa ń mú mi yí oko ká, á fọwọ́ kàn wọ́n, á ní bí ẹyọ kan ṣoṣo bá ṣì dúró nínú ilẹ̀, ilẹ̀ náà ṣì mọ ẹni tó ni òun. Ọ̀pẹ kan wá hù sáàárín oko rẹ̀ àti ti àbúrò rẹ̀, ìyàwó àbúrò rẹ̀ sì lọ gé ẹyìn orí rẹ̀. Ọdún méjì ni Bàbá ò fi bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n ń kírun lórí ẹní kan náà, wọn ò kí ara wọn. Èmi ló dùn jù, torí ilé wọn ni ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣeré wà. Ìyá Àgbà, ìyàwó Bàbá, ló parí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gé ìdì ẹyìn tó kàn, ó fi ṣe epo, ó pín in sí ìgò méjì, ó gbé ọ̀kan fún àbúrò, ó gbé ìkejì síwájú ọkọ rẹ̀ nígbà oúnjẹ.

“Ẹ̀tọ́ yín pọ̀, Bàbá Ráúfù,” ó ní. “Àbúrò ẹyọ kan lẹ ní.”

Bàbá jẹun tán, ó wọ bàtà, ó gba ilé àbúrò rẹ̀ lọ.

Ráúfù tí Ìyá Àgbà pè yẹn ni bàbá mi. Ìbàdàn lòun àti ìyá mi wà, ó ń wa lọ́rì ẹlòmíràn, èmi sì wà lọ́dọ̀ Bàbá àti Ìyá Àgbà láti ìgbà tí wọ́n ti já mi lẹ́nu ọmú. Ilé tó kàn wá ni ti Tíṣà, ẹni tó kọ́ mi láti ìwé mẹ́rin dé ìwé mẹ́fà. Ará ṣọ́ọ̀ṣì ni Tíṣà, Mùsùlùmí ni Bàbá, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ ìjọba nìkan ni wọ́n ti ń jà. Tíṣà gbà pé bí ìjọba ò bá ti ọwọ́ bọ nǹkan, olówó á jẹ tálákà run. Bàbá gbà pé ìjọba ò mọ orúkọ tálákà kankan.

Nígbà tí àwọn ológun fi kọntiróòlù sí iye owó iyọ̀, ṣúgà àti mílíìkì, ọjà náà wá wọ́n bí ojú. Ìyá Àgbà ní tábìlì kékeré níwájú ilé tó ti ń ta nǹkan wọ̀nyí. Iye tó ń rà á ní Ìbàdàn ju iye tí òfin ní kó tà á lọ. Kí ló fẹ́ ṣe? Ó palẹ̀ tábìlì mọ́, ó kó iyọ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ kan, Bàbá ti oko dé, ó bá ìyàwó Lèmọ́mù, obìnrin tí gbogbo ìlú ń bọ̀wọ̀ fún, nínú yàrá rẹ̀, tó ń yọ́ jáde pẹ̀lú iyọ̀ lábẹ́ ìborùn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Nírọ̀lẹ́, ó sọ fún Tíṣà lábẹ́ odán.

Tíṣà ní ìjọba ń gbìyànjú fún tálákà ni.

“Tálákà wo?” Bàbá ní. “Èyí tó ń ra iyọ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi?”

“Bàbá Ráúfù, bí wọn ò bá fi òfin dè é, ṣebí iye tó bá wu Ìyá Ráúfù ni yóò máa tà á.”

“Ẹ jẹ́ kó tà á. Ìyá Láídé òdìkejì títì á tà á ní kọ́bọ̀ kan dín, gbogbo yín á sì lọ sọ́dọ̀ Ìyá Láídé. Èmi gan-an á lọ.”

Ìyá Àgbà ń gbọ́ wọn láti inú ilé. Ó pòṣé. Ó ní kí Bàbá máa lọ sọ́dọ̀ Ìyá Láídé nísinsìnyí, kó sì ní kí Ìyá Láídé bá òun se ọbẹ̀ alẹ́. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gúsí fi dà nù lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ti kọ́rẹ́ lọ́wọ́. 

“Òfin yìí ti sọ ìyàwó mi di olè,” ó ní, “lórí iyọ̀ tó fowó ara rẹ̀ rà.”

Ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tún wá jẹ́ òmíràn. Ọ̀fẹ́ ni alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tiwa. Síbẹ̀, ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, Bàbá á gbé iṣu kan lọ fún Tíṣà, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ iṣu gidi. Tíṣà á ní kò pọn dandan, ìjọba ń san owó òun. Bàbá á ní òun mọ̀. Á gbé iṣu sílẹ̀, á wá jókòó, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: kí ni ẹ kọ́ ọmọ mi lóṣù yìí, èwo ni kò mọ̀, kí ló dé tó ń ka nǹkan kan náà láti ọjọ́ yìí. Ojú máa ń tì mí débi pé mo máa ń sá lọ pọnmi. Mo bi í nígbà tó yá pé iṣu kí ni gbogbo ìyẹn.

“Kì í ṣe fún Tíṣà,” ó ní. “Fún ẹnu mi ni. Bí ìjọba bá fún mi ní nǹkan lọ́fẹ̀ẹ́, ta ni n ó bi léèrè?”

Lórí èyí, èmi àti Bàbá ò fìgbà kan rí i bákan náà. Mo dàgbà tán kí n tó sọ fún un pé ìdajì àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì, ọ̀fẹ́ yẹn ló gbé wọn débẹ̀, àwọn bàbá wọn ò ní iṣu tí wọ́n lè gbé fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́ mi jáde. Ó ní òótọ́ ni mo sọ. Lẹ́yìn náà ló ní kí n lọ ka àwọn tí bàbá wọn mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn, kí n wá sọ iye wọn fún òun. Mi ò tí ì kà wọ́n títí di òní, torí mo mọ̀ pé wọn ò pọ̀.

Mo wá dé ibi tí mo ń lọ láti àárọ̀.

Mo wà ní ìwé mẹ́fà nígbà tí Tíṣà sọ fún wa ní kíláàsì pé ìjọba fẹ́ kọ́ ilé ẹ̀kọ́ girama tuntun sí ìlú wa. Ẹ ò mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Èrúwà ni girama tí mo mọ̀ wà, èèyàn gbọ́dọ̀ gbé ibẹ̀, owó rẹ̀ sì wúwo. Bàbá mi ti ránṣẹ́ láti Ìbàdàn pé bí mo bá ti ṣe tán ní ìwé mẹ́fà, kí n máa bọ̀ wá kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ṣùgbọ́n bí girama bá wà nítòsí, mo lè máa ti ilé Bàbá lọ lẹ́sẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá yúnífọ́ọ̀mù.

Oko Bàbá tó wà létí títì Èrúwà ni wọ́n yàn. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ọjọ́ ọjà Tápà ni, ó ti gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ. Àwọn sọ́fíyọ̀ dé, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ri èèkàn mẹ́wàá mọ́ àárín ẹ̀gúsí rẹ̀, wọ́n fi ọ̀dà pupa kun orí wọn, wọ́n lọ. Nígbà tí Bàbá dé nírọ̀lẹ́, tó rí wọn, kò pariwo. Ó rìn láti orí ọ̀kan dé orí ìkejì, ó kà wọ́n. Ó wálé, ó sọ fún Ìyá Àgbà pé àwọn kan gbàgbé ẹrù sínú oko òun, òun á kó o fún wọn lọ́la.

Mo gbọ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, mo ti gbé garawa bí ẹni tó ń lọ sódò, mo sáré gba oko lọ. Mo fa èèkàn kan yọ. Mo gbẹ́ ebè ẹ̀gẹ́ kan láàárín oko, mo ri èèkàn náà sínú rẹ̀ ní òòró, mo kó iyẹ̀pẹ̀ bo orí rẹ̀. Ṣé ẹ rí i, Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi: bí ẹyọ kan ṣoṣo bá ṣì dúró nínú ilẹ̀. Lójú tèmi, bí Bàbá bá kó mẹ́sàn-án lọ tí ọ̀kan kù, ilé ẹ̀kọ́ mi ṣì wà níbẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ yẹn náà ni Bàbá hú èyí tó rí, ó fi okùn dì wọ́n sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, ó gbé wọn lọ sí ọ́fíìsì ìjọba. Kò kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Tíṣà bá a lọ kó má baà dá ìjà sílẹ̀, òun ló sì wá ròyìn fún Ìyá Àgbà lójú mi. Ó ní Bàbá kí akọ̀wé ọ́fíìsì náà dáadáa, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ táì, ó kó igi náà sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní àwọn ènìyàn yín gbàgbé ẹrù yìí, mo ní kí n bá yín gbé e wá kó má baà sọ nù. Àwọn tó wà níbẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé ò rẹ́rìn-ín. Ó ka èèkàn náà.

“Mẹ́wàá la rì mọ́lẹ̀, Bàbá,” ó ní. “Mẹ́sàn-án lẹ kó wá. Ẹ lọ gbé èyí tí ẹ jí wá.”

Tíṣà sọ ọ́ ní ohùn kékeré, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà lè gún òun náà lẹ́nu. Bàbá wà nínú yàrá. Kò jáde wá jẹun.

Ọjọ́ méjì ló fi wá èèkàn yẹn. Ó ń fọwọ́ tú ìtàkùn ẹ̀gúsí wò, ó ń wo abẹ́ ewé, ó ń wo inú kòtò, ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ó kọjá lórí ebè mi ní ojú mi, mo ń fa koríko, mi ò lè gbórí sókè. Ìlú ti gbọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, ẹnì kan bi í pé Bàbá, ṣé èèkàn yín ti bímọ, kí a wá kí yín kú ewu. Ẹ̀fẹ̀ ni, gbogbo wọn mọ Bàbá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí kì í mú ẹ̀pà ọmọ ọdún márùn-ún láìbéèrè, ọ̀rọ̀ kan ti lẹ̀ mọ́ ọn lára, èmi ni mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kẹta, mo ti ilé ìwé dé, mo bá a lábẹ́ odán. Kò bó ẹ̀gúsí. Ó mú ọ̀bẹ dání, ó ń gbẹ́ igi. Ó ti gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ó ti gé orí rẹ̀ dọ́gba, ó ń fi ọwọ́ wọn ọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwo osùn Ìyá Àgbà wà. Ó ti bọ ìka sínú rẹ̀, ó ń kun orí igi náà ní pupa, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń kun ẹsẹ̀ ọmọ tuntun. Ó fẹ́ lọ fi dípò èyí tó sọ nù.

Mo kúnlẹ̀ síbẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún un: pé èmi ni, ibi tó wà, ìdí tí mo fi ṣe é. Mo rò pé yóò nà mí. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Ṣé o fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà tó bẹ́ẹ̀ ni, Àṣàkẹ́?”

Mo ní mo fẹ́ ẹ.

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó pupa fún ìgbà pípẹ́. Mo rí i pé omi wà lójú rẹ̀, n kò sì tí ì rí i bẹ́ẹ̀ rí.

“Kí ló dé tí o ò bi mí?”

Mo ti di ìyá ọmọ báyìí. Wọ́n ti nà mí rí, wọ́n ti bú mi rí. Kò sí èyí tó wọ̀ mí lára tó ìbéèrè yẹn.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ sí oko, mo hú u jáde. Bàbá ò bá mi gbé e. Èmi ni mo rù ú láti etí títì dé ọ́fíìsì, orí pupa rẹ̀ níwájú, òun ń ti kẹ̀kẹ́ bọ̀ lẹ́yìn mi. Ojú gbogbo ìlú wà lára wa. Mo kúnlẹ̀ níwájú tábìlì akọ̀wé, mo ní ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni mo mú un, Bàbá wa ò mọ̀ nípa rẹ̀. Akọ̀wé wo igi, ó wò mí. Bàbá ló sọ̀rọ̀, ohùn ńlá rẹ̀ yẹn ò sì ga rárá lọ́jọ́ náà.

“Ó mú nǹkan yín láìbi yín,” ó ní. “Ó ti wá bẹ̀ yín. Ó ku ẹ̀yin.”

Ẹni tó ń tẹ táípì dá ọwọ́ dúró. Akọ̀wé dìde lórí àga rẹ̀ nígbà tó yá, ó ní ọ̀rọ̀ tí òun sọ níjọ́sí, kí Bàbá má bínú. Kò sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀. Bàbá ní bí wọ́n bá fẹ́ ilẹ̀ náà, wọ́n mọ ilé òun, kí wọ́n wá jókòó, kí wọ́n dá iye lé e, òun náà á dá tòun. Wọn ò wá. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, wọ́n rí ilẹ̀ mìíràn ní ẹ̀yìn ìlú lọ́dọ̀ ìdílé kan tó fínnúfíndọ̀ yọ̀ǹda rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó kọ́ ọ, mo ti ń lọ sí ìparí girama mi nígbà tó ṣí. Tíṣà bá wọn lọ wo ilẹ̀ náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní akọ̀wé kan náà ni, àti pé ohun tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde nígbà tó dé ọ̀hún ni pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni ibí yìí?”

Ẹ ó sọ pé báwo ni èmi ṣe wá ka girama. Ìyá kan wà ní Ayétẹ̀ tó ń wá ibi tó máa gbé ẹ̀rọ gaàrí sí. Ó ti bi Bàbá nípa ilẹ̀ etí títì yẹn lẹ́ẹ̀mejì rí, Bàbá sì ti ní rárá lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn tí a ti ọ́fíìsì dé, tí àbájáde ìdánwò mi sì jáde, Bàbá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Ayétẹ̀. Mi ò mọ ibi tó lọ. Ohun tí mo rí ni pé ìyá náà dé lọ́jọ́ kẹrin, òun àti Bàbá sì rìn yí oko ká láti orí pèrègún kan dé òmíràn, Bàbá ń fọwọ́ kàn wọ́n fún un gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń fọwọ́ kàn wọ́n fún mi. Ó dé ìdí èyí tó kẹ́yìn, ó dúró pẹ́ níbẹ̀. Ìyá náà dúró dè é, kò kán an lójú.

Ìyá Àgbà ló sọ fún mi pé ó ti ta ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, nítorí Èrúwà. Inú mi ò dùn bí ẹ ṣe lè rò. Mo sá lọ bá a, mo ń sunkún, mo ní kó gbà á padà, n ó lọ kọ́ aṣọ rírán. Mo ní kí ló wá dé tó fi bá wọn fa gbogbo ìyẹn nítorí ilẹ̀ tó máa tà. Ó ń lẹ táyà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ní ìyá Ayétẹ̀ bi òun ni. Ó ní ìgbà mẹ́ta ló bi òun, ìgbà kẹta lòun wá ní ohun tí òun fẹ́ ju ilẹ̀ náà lọ. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ tó dọ̀tí nù mí lójú, ó fi ẹrẹ̀ kùn mí lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Ilẹ̀ yẹn ló ń lọ sí Èrúwà, kì í ṣe ìwọ,” ó ní. “Máa bá a kàwé dáadáa.”

Ọdún márùn-ún ni mo fi bá a kàwé. Mi ò gba ipò kìíní rí, ẹ má jẹ́ n parọ́ mọ́ òkú. Ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí mo gbàgbé ohun tí mo jókòó lé lórí.

Kété ṣáájú àìsàn rẹ̀, Tíṣà, tó ti fẹ̀yìn tì, mú ìwé ìròyìn wá sábẹ́ odán, ó kà á fún un pé òfin tuntun ti jáde, gbogbo ilẹ̀ ti wà ní ìkáwọ́ gómìnà, òun ló máa tọ́jú rẹ̀ fún gbogbo ará ìlú. Mo wà níbẹ̀, mo ń fọ irun ọmọ mi. Mo rò pé Bàbá máa bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn ńlá. Agbára rẹ̀ ti dín kù nígbà yẹn. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ.

“Ṣé gómìnà mọ ibi tí pèrègún mi tó kù wà, Tíṣà?”

Tíṣà ní kò mọ̀ ọ́n.

“Ó dáa. Bó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, ilé mi nìyí.”

Tíṣà ká ìwé ìròyìn náà. Ó fa àpótí sún mọ́ ọn, ó bu ẹ̀gúsí, ó ń bá a bó o. Wọn ò sọ̀rọ̀ ìjọba mọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Lánàá ni àwọn àbúrò bàbá mi wá tú yàrá rẹ̀. Wọ́n pín agbádá, wọ́n pín àdá àti kẹ̀kẹ́, kò sí ìjà kankan, torí ó ti sọ èyí tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan kó tó lọ. Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, igi kan dúró síbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Ọ̀kan nínú wọn gbé e, ó ní igi kí lèyí, ó fẹ́ jù ú sẹ́yìnkùlé. Mo mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Osùn orí rẹ̀ ti ṣá, ojú ọ̀bẹ ṣì hàn lára rẹ̀. Èyí tó gbẹ́ lábẹ́ odán ni, tí kò wúlò mọ́ láti ọjọ́ tí mo ti jẹ́wọ́. Bàbá ò fi han ẹnikẹ́ni, kò sì sọ ọ́ nù.

Ọwọ́ mi ti nà láti gbà á. Kò sẹ́ni tó máa bá mi wí. Igi lásán ni lójú wọn. Mo dá ọwọ́ mi dúró. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fi sílẹ̀ ná. Mo gbé Mọ́ríyámọ̀ pọ̀n, mo lọ sí yàrá tí Ìyá Àgbà ti ń ṣe opó, mo kúnlẹ̀ létí ẹní rẹ̀.

“Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo lè mú igi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn Bàbá?”

Ó fi etí ìborùn nu ojú rẹ̀ kan, ó nu èkejì.

“Mú un,” ó ní. “O ṣáà ti bi mí.”